Wọ́kìtọ́kì Àwọn Ọlọ́dẹ Wa: Ṣé Dandan Ni Kó Ní GPS Nínú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a fara balẹ̀ wo ilé dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọmọ yìí lórúkọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Àwọn wọ́kìtọ́kì tí àwọn ọlọ́dẹ òru wa ń lò ti gbó. Bátìrì wọn kì í dúró di ìdájí mọ́. Bí aago méjì òru bá ti lù, òmíràn a ti dákẹ́ mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́. Gbogbo wa la gbà pé a ní láti ra tuntun, a sì mọ̀ pé owó tí a bá dá jọ la máa fi rà á. Irú èyí tí a máa rà ni ẹnu kò tíì kò lé lórí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní àfi èyí tó ní GPS nínú, ìyẹn ohun tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn. Àwọn bàbá wa kan dá wọn lóhùn pé ọlọ́dẹ tó ti ń rìn ní àdúgbò yìí fún ogún ọdún kò nílò ẹ̀rọ tí yóò sọ ibi tó wà fún un. Àwọn ìyá wa lọ́jà ní tiwọn ń bèèrè pé èló ni, ta ni yóò sì san án.

Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. Nítorí náà la ṣe wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí a tún bi àwọn tó ń tà á, tí a sì jókòó ti àwọn ọlọ́dẹ fúnra wọn. Ohun tí a rí, àti ibi tí a dúró sí, la kọ síhìn-ín.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe eré

Ọmọ kékeré lè rò pé kí la tún ń fi wọ́kìtọ́kì ṣe nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ní Sabon Gari níbí. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2014, òmíràn tún bú ní Gold Coast Road. A kò mẹ́nu bà á láti tún ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni dá. A sọ ọ́ nítorí pé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn ló máa ń gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà láti pe ará ilé wọn, nẹ́tíwọ̀kì á sì há. Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ lè máà rí ẹnikẹ́ni pè.

Ìjọba pẹ̀lú lè pa nẹ́tíwọ̀kì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa ìlà GSM níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n pa á ní Zamfara, lẹ́yìn náà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Katsina àti Sokoto, ó sì kan apá kan Kaduna. Kánò kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Katsina àti Kaduna ni aládùúgbò wa. Ohun tó bá dé bá ojú, ó yẹ kí imú ti máa múra sílẹ̀.

Wọ́kìtọ́kì gidi kò mọ òpó MTN, kò mọ ti Airtel. Láti ọwọ́ ẹnì kan ló ń lọ sí ọwọ́ ẹnì kejì tààrà. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú, òun kò kú. Ohun tí a fi ń rà á nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gbàgbé. A máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́ rẹ́ wa jẹ.

Kí ni GPS yìí?

Àwọn sátẹ́láìtì ni Amẹ́ríkà gbé sí òkè, wọ́n tó nǹkan bí ọgbọ̀n, wọ́n ń yí ayé po ní gíga tó tó kìlómítà 20,200. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà Èkó sí Kánò, kí ẹ tò ó lé ara wọn ní nǹkan bí ìgbà ogún, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ọdún 1978 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ lọ, iṣẹ́ ológun ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú Korea kan ṣìnà wọ ojú sánmà Soviet, wọ́n yìn ín lulẹ̀, ènìyàn 269 ló kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Reagan ṣèlérí pé aráàlú gbogbo ayé yóò lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba tiwa jẹ́ díẹ̀ kó má baà péye, títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000 tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n yọ ìdíwọ́ náà kúrò. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá dúró sí gbangba, ẹ̀rọ ọwọ́ lè sọ ibi tó wà fún un láàárín mítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti ilẹ̀ Yúróòpù náà ti gbé tiwọn sókè báyìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ló sì ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa, òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Gbígbọ́ nìkan ni GPS ń gbọ́, kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tan rédíò yín tí ẹ ń gbọ́ Radio Kano, ṣé Radio Kano mọ yàrá tí ẹ jókòó sí? Kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni GPS rí. Sátẹ́láìtì kò mọ̀ pé ọlọ́dẹ wa kan wà ní Aitken Road. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ló gbọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, tó sì ṣírò ibi tí òun wà. Bí ẹ̀rọ náà kò bá wá fi ìṣirò yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọwọ́ ẹni tó mú un ni ìmọ̀ náà yóò kú sí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó máa ń ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní scanner, tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti panápaná lórí afẹ́fẹ́. Àríyànjiyàn tiwa yìí jọ ti àwọn náà: ṣé kí GPS wà nínú scanner ni, àbí kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn láti ìta? Èyí tí ilé-iṣẹ́ Uniden gbé jáde ní ọdún 2018, tí wọ́n pè ní SDS100, kò ní GPS nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń so ó mọ́ ọn. Ìwúlò rẹ̀ fún wọn ni pé bí ọkọ̀ wọn bá ti wọ ìlú mìíràn, scanner á yí sí ìkànnì ìlú yẹn fúnra rẹ̀. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wà nínú, kó wà níta, ìkan náà ni, nítorí pé ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ló nílò ìmọ̀ ibi tí òun wà.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni àwọn bàbá wa sọ, ọlọ́dẹ mọ ibi tó wà. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́dẹ, tó gbọ́ igbe lórí wọ́kìtọ́kì, tó sì ń wá ibi tí yóò rán ènìyàn lọ.

Orúkọ mẹ́ta fún igun kan ṣoṣo

Àwọn tó la Sabon Gari sílẹ̀ lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kánò fà á ní títì tó gún régé, tó dábùú ara wọn. Lórí ìwé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ nù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí báyìí. Pátákó orúkọ títì mélòó ló kù? Nọ́ńbà ilé mélòó ni ojú ṣì lè kà lóru? Àwọn ọlọ́dẹ wa kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Yorùbá wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀, àwọn ará Middle Belt náà wà níbẹ̀. Igun kan tí ọmọ Yorùbá ń pè ní "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí", ẹnìkejì rẹ̀ á pè é ní "bayan masallaci", ẹ̀kẹta á sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ti kógbá wọlé pè é. Mọ́ṣáláṣí tó wà lágbègbè yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Lójú ọ̀sán, ènìyàn lè béèrè pé èwo nínú wọn. Lóru, nígbà tí ọ̀fun ti gbẹ tí ẹsẹ̀ sì ń gbọ̀n, ìbéèrè yẹn lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó fún olè láti fo ògiri méjì.

Àwọn kan wá ní ṣebí ọlọ́dẹ lè ka nọ́ńbà tí GPS bá gbé jáde sórí wọ́kìtọ́kì. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Kánò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 sí àríwá àti ìwọ̀n 8 àbọ̀ sí ìlà-oòrùn. Kí a tó lè fi nọ́ńbà mọ ilé kan yàtọ̀ sí ìkejì, a ní láti ka nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì kókó, fún àríwá àti fún ìlà-oòrùn. Bí ẹni tó ń kà á bá ṣi nọ́ńbà kejì lẹ́yìn kókó náà pe pẹ̀lú ẹyọ kan péré, ó ti fi nǹkan bíi kìlómítà kan rán wa lọ síbi tí kò sí. Ìyẹn lè gbé wa kúrò ní Sabon Gari pátápátá. Ta ló lè fi ọkàn balẹ̀ ka nọ́ńbà mọ́kànlá nígbà tí ẹni tó mú àdá dúró níwájú rẹ̀?

Nítorí náà, bí GPS yóò bá ṣe wá lóore, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kó máa rán an. Àwọn wọ́kìtọ́kì kan wà tó ní bọ́tìnnì pàjáwìrì lórí. Bí ọlọ́dẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní láti sọ̀rọ̀, kò ní láti gbé e sẹ́nu. Ẹ̀rọ á kígbe ní ọ́fíìsì, á sì fi ibi tó wà hàn lórí máàpù. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó mú un bá ṣubú tí kò sì dìde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ gan-an ni nǹkan yìí wà fún. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń jà fún un, a sì gbà pé wọ́n jàre.

Ohun tí olùtajà kì í sọ

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má kánjú kówó sílẹ̀. Nígbà tí a ń wádìí, oríṣi mẹ́ta la rí tí wọ́n ń pè ní "wọ́kìtọ́kì tó ní GPS", wọn kò sì jọ ara wọn rárá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ara rẹ̀ nìkan. Kò lè rán an sí ibì kankan tí ọ́fíìsì wa ti lè rí i. A ti ṣàlàyé ìdí tí kò fi wúlò fún wa.

Ìkejì ló léwu jù, nítorí pé ó dára lójú. Ó dúdú, ó wúwo, ó ní èríálì kúkúrú lórí, wọ́n á gbé máàpù rẹ̀ hàn yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì rí i tó ń rìn. Wọ́n á tún sọ fún yín pé láti Kánò, ẹ lè fi bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀. Fóònù ni, tó wọ aṣọ wọ́kìtọ́kì. Orí nẹ́tíwọ̀kì GSM ni ohùn rẹ̀ ń gbà kọjá, orí rẹ̀ náà ni máàpù ń gbà. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá há, tàbí tí ìjọba bá pa á bí wọ́n ti ṣe ní 2013 àti 2021, gbogbo rẹ̀ á di òkúta lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. A kò sọ pé kò ní ibi tó ti wúlò. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà lè fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ tí fóònù kò bá ṣiṣẹ́ la ṣe ń ra wọ́kìtọ́kì. Bí a bá tún wá fi owó wọ́kìtọ́kì ra fóònù, kí la rà?

Ẹ̀kẹta ni ojúlówó: wọ́kìtọ́kì tó ń gba orí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ rán ohùn, tó sì ń gba ibẹ̀ náà rán ibi tí ó wà. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì nílò ẹ̀rọ mìíràn ní ọ́fíìsì tí yóò máa gba ìròyìn náà. Òun nìkan ló tọ́ kí a jíròrò lé lórí.

Òun náà ní àléébù tirẹ̀. GPS kò fẹ́ràn inú ilé. Láàárín ilé alájà méjì-mẹ́ta tó fara kanra, ó lè fi ẹni tó wà lójú títì kan hàn sí títì kejì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó ní láti tẹ́tí sí sátẹ́láìtì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ ibi tó wà. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó tó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, bí ohunkóhun bá sì dí i, ẹ̀rọ á tún dúró de òmíràn. Fóònù máa ń yára nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́kìtọ́kì kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pa GPS rẹ̀ títí di ìgbà tí wàhálà dé ti pẹ́ jù. Bí ó bá sì wà ní títàn, bátìrì ló ń jẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Bátìrì tí kò dé ìdájí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kí a má wá ra ohun tí yóò tún pa bátìrì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdíwọ́ mìíràn tún wà. Orí ìkànnì kan náà ni ohùn àti ìròyìn ibi tí ènìyàn wà lè jọ ń gbà. Ká ní wọ́kìtọ́kì ọgbọ̀n la ní, tí ìkọ̀ọ̀kan ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan rán ibi tó wà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìkànnì ti kún dẹ́nu, kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ ké pé "Ẹ gbà mí o!" Ohun tó dára ni kí ẹ̀rọ máa rán an nígbà tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tàbí tó bá tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, kí ó má máa rán an ṣáá.

Etí tó ń gbọ́ wa

A mẹ́nu ba scanner lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni. Wọ́kìtọ́kì tí kò ní ìdè, ẹnikẹ́ni tó bá ní scanner, tàbí wọ́kìtọ́kì olówó pọ́ọ́kú tó lè wọ ìkànnì wa, ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Bí olè bá gbọ́ pé "a ti kúrò ní Burma Road", ó ti mọ ibi tí yóò gbà. Bí a bá tún wá ń fi ibi tí ọlọ́dẹ kọ̀ọ̀kan wà ránṣẹ́ láìdì í, a ti ya máàpù fún un. Àwọn scanner kan wà tó lè túmọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní digital pàápàá, bí kò bá ti ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Nítorí náà, bí GPS yóò bá wọlé, kọ́kọ́rọ́ àṣírí gbọ́dọ̀ bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Àjọ NCC ló ń fún ènìyàn ní ìkànnì tó lè lò. Wọ́kìtọ́kì kì í ṣe ohun tí a kàn ń rà lọ́jà tí a sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ̀rọ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú tí a ti di onílé, ó yẹ kí ìwé wa pé ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Kí àwọn ọlọ́pàá àgbègbè mọ̀, kí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ mọ̀, kí ó má di pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan á béèrè pé kí ni àwọn Yorùbá ń sọ fún ara wọn lóru pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí.

Kí ni àwọn ọlọ́dẹ fúnra wọn wí?

A bi wọ́n, ìdáhùn wọn sì ká wa lára. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Ẹ̀yin àgbà wa, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé kí ẹ lè gbà wá là ni àbí kí ẹ lè máa ṣọ́ wa?" Ó ní bí òun bá dúró lọ́dọ̀ máíṣàyí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀yẹ́ kí ara òun lè móoru, ṣé wọn kò ní gé owó òun lóṣù?

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọlọ́dẹ tó bá gbà pé wọ́n fi ẹ̀rọ dè é bí ewúrẹ́ kò ní pẹ́ mọ bí a ṣe ń gbé wọ́kìtọ́kì sílẹ̀ sí igun kan kí ó sì lọ sùn. Máàpù á ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́, olè á sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè yìí náà sì ti sọ̀rọ̀: òfin ààbò ìròyìn ara ẹni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ibi tí ènìyàn wà mọ́ àwọn ìròyìn tí a kò gbọdọ̀ máa lò bó ṣe wù wá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọlọ́dẹ fọwọ́ sí i, kí àwa náà fọwọ́ sí i: ìgbà iṣẹ́ nìkan ni a ó máa wo ibi tí wọ́n wà, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́kìtọ́kì á padà sí ọ́fíìsì, a kò ní fi àmì orí máàpù nìkan gé owó ẹnikẹ́ni, a ó sì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí gbogbo wa bá fẹnu kò sí.

Ibi tí a dúró sí

Lójú tiwa, GPS dára, ó sì sàn kí ó wà nínú wọ́kìtọ́kì ju kí a so ó mọ́ ọn lọ, nítorí pé ohun tí a bá so mọ́ ara ẹ̀rọ lóru, yóò já bọ́ nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọ́kìtọ́kì ló nílò rẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́nu géètì láti alẹ́ di òwúrọ̀, gbogbo wa la mọ ibi tó wà. Èyí tó lè sọ̀rọ̀ tí bátìrì rẹ̀ sì lágbára ti tó o. Àwọn tó ń rìn kiri ni kí a ra ti GPS fún, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, iye tí a nílò kò ní ju díẹ̀ lọ, àwọn ìyá wa lọ́jà náà á sì lè mí.

Kí a tó san kọ́bọ̀ kan, kí olùtajà gbé ẹyọ méjì wá kí a dán an wò. Kí wọ́n yọ síìmù, bí ó bá ní. Kí ọlọ́dẹ kan mú ọ̀kan lọ sí àárín àwọn ilé gíga, kí ó tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, kí àwa tó wà ní ọ́fíìsì fi aago wò ó: ìgbà wo ló dé, ibo ló ní ó wà, báwo ló ti jìnnà sí ibi tó wà gan-an? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tàn án láti aago mẹ́wàá alẹ́, kí a wò ó bóyá yóò rí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Olùtajà tí kò bá gbà fún èyí, kí ó gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí a lè ṣe láìdúró de owó. Ẹ jẹ́ kí a ra ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì, kí a kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí gbogbo igun títì tí àwọn ọlọ́dẹ wa ń gbà kọjá, lẹ́yìn tí a bá ti gba àyè lọ́wọ́ onílé àti lọ́wọ́ aláṣẹ. Kí nọ́ńbà kan náà wà lára ògiri ọ́fíìsì. Yorùbá, Hausa, Igbo, ẹnikẹ́ni tó bá lè ka nọ́ńbà á lè sọ pé, "Igun 14, ẹ máa bọ̀!" Wọ́kìtọ́kì àtijọ́ lè gbé ìyẹn. Lọ́jọ́ tí GPS bá sì ṣìnà láàárín ilé alájà, nọ́ńbà ara ògiri kò ní ṣìnà.

Èyí tó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Bí a bá ra ẹ̀rọ tó dára jù lọ láyé, tí ẹni tó yẹ kó máa wo máàpù ń hanrun, iṣẹ́ asán la ṣe. Ẹni tí kò sùn, tó ní ènìyàn mẹ́rin tó lè rán jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun ni kí a kọ́kọ́ wá kí a tó wá GPS. Kò sí àǹfààní nínú pé a mọ ibi tí ọmọ ẹni ṣubú sí, bí kò bá sí ẹni tí yóò lọ gbé e.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti fẹnu kò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọkùnrin nìkan dá a sọ, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n ń ṣọ́. A sì ti ní kí ọlọ́dẹ méjì wá jókòó pẹ̀lú wa, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wa. Ire o.